Gbogbo Aṣọ Kọ́ Ni À Ń Sá Lóòrùn: Ìjà Orí Iṣẹ́ Aṣọ Mowálọlá Ògúnlésì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí ènìyàn bá ṣe wọṣọ jáde ni àwọn ará ìta yóò ṣe kí i, bí wọ́n bá sì ṣe kí i ni wọn yóò ṣe gbà á lálejò. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ aṣọ kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nílẹ̀ Yorùbá. Bí aṣọ kan bá jáde tí ojú kò rí irú rẹ̀ rí, kì í pẹ́ tí àríyànjiyàn fi í bẹ̀rẹ̀ lé e lórí. Àwọn kan yóò ní ọ̀làjú ni, àwọn mìíràn yóò ní ìbàjẹ́ ni. Ẹni tí ó rán aṣọ náà yóò dúró láàárín, owó ń wọlé fún un lápá kan, èébú ń wọlé fún un lápá kejì.

Obìnrin kan tí irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ sí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni Mowálọlá Ògúnlésì. Èkó ni wọ́n bí i sí, ìdílé tí iṣẹ́ aṣọ kò ṣàjèjì sí ni ó sì ti dàgbà kí ó tó lọ kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ́ iṣẹ́ náà ní ilé-ẹ̀kọ́ Central Saint Martins ní London, ó sì gba oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2017. Láti ìgbà náà ni orúkọ rẹ̀ ti ń jà ràn-ìn, tí ìjà sì ń bá orúkọ náà rìn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ London ni èyí, pé kò kan ará Alímọ̀ṣọ́. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì ní àwọn ka iye tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ló ń wọṣọ. Láti Ìkòtún dé Ìgándò, láti Ìdímù dé Ẹ̀gbẹ́dá, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kò ju ìwọ̀n ìsọ̀kò lọ sí ara wọn. Àwòrán aṣọ tí wọ́n fi hàn ní London ní àárọ̀ lè wà lórí fóònù oníbàárà ní Ìkòtún kí ilẹ̀ tó ṣú, ohun tí oníbàárà yóò sì sọ kò pọ̀: “Irú eléyìí gan-an ni kí ẹ rán fún mi.” Nítorí náà, ìbéèrè tí wọ́n ń bi Mowálọlá lókè òkun, ìbéèrè tí télọ̀ Alímọ̀ṣọ́ yóò dáhùn nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ tí Mowálọlá fi jáde nílé-ẹ̀kọ́ ni ó kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Inú orin rọ́ọ̀kì tí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ń kọ ní àwọn ọdún 1970 sí 1980 ni ó ti rí ọgbọ́n iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí ni awọ tí ó fún mọ́ àwọn ọkùnrin lára, ṣòkòtò tí ìgbànú rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìdodo, àti àyà àti ikùn tí kò ní ìbòrí. Ẹni tí ó bá mọ bí ọkùnrin Yorùbá ṣe ń wọ agbádá lé bùbá, tí ó ń wọ bùbá lé ṣòkòtò, tí fìlà sì ń gorí gbogbo rẹ̀, yóò mọ ìdí tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ fi lè ya àgbàlagbà lẹ́nu. Nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ aṣọ lára ni ọlá. Ìhòòhò ní gbangba, ti wèrè ni.

Ní ọdún 2019, Fashion East, ẹgbẹ́ tí ó máa ń ran àwọn ọ̀dọ́ aránṣọ lọ́wọ́ ní London, fún un láyè láti fi iṣẹ́ rẹ̀ han ayé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, Naomi Campbell, gbajúmọ̀ obìnrin tí ó ń fi aṣọ hàn, wọ ẹ̀wù funfun kan tí Mowálọlá rán. Lára ẹ̀wù náà ni ó ya ojú ọgbẹ́ ìbọn sí, bí ẹni pé ọta ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn. Ẹ̀rù ba àwọn kan. Wọ́n ní kí ló kan ẹ̀jẹ̀ kan aṣọ òde? Ẹni tí ó rán an ṣàlàyé pé ìrírí òun gẹ́gẹ́ bí aláwọ̀ dúdú ni aṣọ náà ń sọ, pé bí ó ti wù kí aláwọ̀ dúdú múra tó, bí ó ti wù kí ó níwà tó, àwọn kan ṣì ń wò ó bí ẹni tí a lè yìnbọn fún. Ní ọdún 2020, Kanye West, olórin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi í ṣe olórí àwọn tí yóò máa ya aṣọ fún iṣẹ́ tí òun àti ilé-iṣẹ́ Gap jọ dáwọ́ lé. Àwọn tí wọ́n ń bú iṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n ń yìn ín, gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń pariwo orúkọ rẹ̀, ariwo náà sì ń bá a polówó ọjà.

Ìjà tí ó le jù dé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Nígbà tí Mowálọlá tún fi aṣọ hàn ní London, lára ohun tí ó kó jáde ni àwọn síkẹ́ẹ̀tì péńpé tí ó fi àsíá àwọn orílẹ̀-èdè ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ni àsíá ilẹ̀ Saudi Arabia. Àsíá yìí kò dà bí àsíá mìíràn. Lórí àwọ̀ ewé rẹ̀ ni wọ́n kọ kálímà sí, ẹ̀rí tí gbogbo Mùsùlùmí ń jẹ́ pé kò sí ọlọ́run kan àfi Allah, àti pé Muhammad ni òjíṣẹ́ Rẹ̀. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni Saudi Arabia kì í fi í sọ àsíá rẹ̀ kalẹ̀ dé ìdajì òpó bí ọ̀fọ̀ tilẹ̀ ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọn kì í jẹ́ kí ó wálẹ̀ láti orí òpó ni ó wá délẹ̀ sí ìdí ènìyàn. Àwọn Mùsùlùmí káàkiri ayé bínú. Èsì àkọ́kọ́ tí Mowálọlá fọ̀ kò rọ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi yí ohùn padà, tí ó tọrọ àforíjì, tí ó sì ní òun yóò yọ aṣọ náà kúrò nínú ọjà òun.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí ọlọ́gbọ́n bi ara rẹ̀ nìyí: ṣé ìjà kan náà ni ìjà ọdún 2017 àti ìjà ọdún 2023? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó da méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ràn àṣà ìgbàlódé yóò ní kí gbogbo ayé fi aránṣọ sílẹ̀ kí ó máa ṣe bí ó ti wù ú. Ẹni tí ó fẹ́ràn àṣà àtijọ́ yóò ní kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ dúró. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà wò, a ó rí i pé oríṣi ìjà méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan wà lórí bí aṣọ ṣe rí lára, èkejì wà lórí àmì tí aṣọ gbé dání. Òfin kan kò lè ṣe ìdájọ́ àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti àkọ́kọ́. Ìtàn fi hàn pé ìjà lórí bí aṣọ ṣe rí lára kì í pẹ́ kí ó tó di ìtàn. Ní ọdún 1953, ọmọ Èkó kan, Fọláṣadé Thomas, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Shade Thomas-Fahm lẹ́yìn náà, lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ ní Saint Martin's, ilé-ẹ̀kọ́ kan náà tí ó para pọ̀ mọ́ òmíràn ní ọdún 1989 láti di ibi tí Mowálọlá kẹ́kọ̀ọ́. Ó padà sílé ní ọdún 1960 tí Nàìjíríà gba òmìnira, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Èkó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ òkè, àdìrẹ àti akwẹ́tẹ́ rán aṣọ òde. Lójú ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìgbà náà, aṣọ òyìnbó ni aṣọ ọ̀làjú. Ta ni yóò fi àdìrẹ lọ sí ọ́fíìsì? Síbẹ̀ kò wẹ̀yìn. Ó fi sípù sí ìró kí ó má baà máa tú lára obìnrin tí ó ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Ó wé gèlè sílẹ̀ tí ènìyàn kàn lè dé bíi fìlà. Ó mú agbádá ọkùnrin, ó sọ ọ́ di aṣọ obìnrin. Lónìí, obìnrin tí ó dé gèlè àwésílẹ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ní Ẹ̀gbẹ́dá kò mọ̀ pé òun wọ ohun tí ó ṣàjèjì nígbà kan. Àṣà ni ó pè é.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òlékù, ìró péńpé tí ó mọ ní orúnkún, tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń ró ní àwọn ọdún 1960 sí 1970. Àwọn ìyá tí ìró tiwọn ń gbálẹ̀ kò rí ohun rere nínú rẹ̀. Nígbà tí Túndé Kèlání sọ ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ó Le Kú, di fíìmù ní ọdún 1997, òlékù tún padà sí ìgboro, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó fi padà wá kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́ mọ́. Aṣọ ìbílẹ̀ ni ó padà wá jẹ́. Àwọn ìyá tí wọ́n ró o nígbà èwe wọn ni wọ́n ń fi àwòrán rẹ̀ han àwọn ọmọ wọn pẹ̀lú ẹ̀rín.

Àdìrẹ gan-an tí gbogbo wa ń pè ní ogún ìbí kò bọ́ lọ́wọ́ irú ìjà yìí. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí àwọn aláró Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀lú òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà dípò ẹ̀lú inú igbó àti omi eérú, ariwo ta pé wọ́n ń ba àdìrẹ jẹ́. Aláké Ladapọ Adémọ́lá Kejì fi òfin de àwọn èròjà náà. Àwọn obìnrin aláró kò gbà, wọ́n bá ọba wọn fa ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé oúnjẹ ọmọ wọn wà nínú ìkòkò aró. Ọ̀ràn yìí kọ́ni pé lẹ́yìn gbogbo àríyànjiyàn lórí àṣà, ọjà ẹnìkan wà níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi òfin de aṣọ, kí ó kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ebi yóò pa.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní ṣòkòtò awọ tí Mowálọlá rán kúrú jù tàbí ó fún jù, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti má rà á. Ṣùgbọ́n kí ó rántí pé ìyá rẹ̀ àgbà ti lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa òlékù. Ìgbà ni yóò ṣe ìdájọ́ irú ìjà bẹ́ẹ̀. Bí aṣọ náà bá dára, yóò dúró. Bí kò bá dára, kòkòrò yóò jẹ ẹ́ nínú àpótí.

Ti àsíá yàtọ̀. Níhìn-ín, kì í ṣe gígùn síkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń jà lé lórí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ rán an kí ó dé kókósẹ̀, ìbínú náà yóò ṣì wà, nítorí pé ibi tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ mímọ́ sí ni ọ̀ràn. Ìtàn tún jẹ́rìí sí èyí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, ní ìlú Paris, Karl Lagerfeld tí ó ń ya aṣọ fún ilé-iṣẹ́ Chanel fi ẹ̀wù kan wọ Claudia Schiffer, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá sì wà ní ibi àyà ẹ̀wù náà. Lagerfeld ní wọ́n sọ fún òun pé ewì ìfẹ́ ni. Kì í ṣe ewì ìfẹ́, Kùránì ni. Chanel tọrọ àforíjì, wọ́n sì ba àwọn ẹ̀wù náà jẹ́. Ní ọdún 2007, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ju bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọdé ní Afghanistan láti fi wá ojú rere. Àsíá Saudi Arabia wà lára bọ́ọ̀lù náà pẹ̀lú ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn ará ìlú tú síta, wọ́n ní ṣé orúkọ Ọlọ́run ni kí ọmọ àwọn máa fi ẹsẹ̀ gbá? Inú rere ni wọ́n fi ju bọ́ọ̀lù, àìmọ̀ ni ó sọ ọ́ di ìjà. Ọgbọ̀n ọdún ó dín díẹ̀ ni ó wà láàárín ẹ̀wù Chanel àti síkẹ́ẹ̀tì Mowálọlá, ẹ̀kọ́ náà kò sì yí padà.

Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí lè ní àsọdùn ni. Kí ó mú ọ̀rọ̀ náà wá sílé. Yorùbá ní aṣọ tí kì í ṣe aṣọ lásán. Ìtàgbè tí àwọn Ògbóni ń gbé kọ́ èjìká kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi rán ṣòkòtò péńpé. Adé ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ní ìbòjú, ọba ló ni ín. Bí olórin kan bá dé irú rẹ̀ lórí ìtàgé, àwọn àgbà yóò bèèrè ìlú tí ó jọba lé lórí. Agọ̀ eégún kì í ṣe aṣọ tí a ń gé yáàdì kan lára rẹ̀ láti fi ṣe báàgì. Aṣọ àlà tí àwọn olórìṣà ń wọ fún Ọbàtálá, funfun báláú ni, kò sì gbọdọ̀ ní àbàwọ́n. Bí aránṣọ kan láti ilẹ̀ òkèèrè bá gé ìtàgbè sí ìdí ọmọge, tí ó sì ní iṣẹ́ ọnà ni òun ń ṣe, ṣé àwọn tí wọ́n ní kí àwọn ará Saudi gbé ẹnu wọn dákẹ́ yóò dákẹ́ bí?

Ìjọ Àgùdà náà ní tirẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù The Prophetess han àwọn àlejò ní Èkó, Tóyìn Láwàní, gbajúmọ̀ aránṣọ, wọ aṣọ kan tí wọ́n dá bí ti àwọn sísítà, ṣùgbọ́n tí ó ṣí ara sílẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ bínú, wọ́n ní aṣọ àwọn tí wọ́n fi ayé wọn jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run kì í ṣe aṣọ àríyá. Ó dáhùn pé iṣẹ́ ọnà ni òun ń ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe òdodo yóò gbà pé iṣẹ́ ọnà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àmì tí iṣẹ́ ọnà náà fi ṣeré ní olówó, olówó rẹ̀ sì wà láàyè, ó ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.

Àwọn kan yóò wá béèrè pé bí gbogbo olówó àmì bá ń kọ̀, kí ni aránṣọ yóò fi ṣe iṣẹ́? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ wà lára ẹ̀wù funfun tí Naomi Campbell wọ̀. Ẹ̀wù yẹn le, ó sì ba ojú jẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gba àmì ọlọ́wọ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni ó yà sí i, ọgbẹ́ àwọn ènìyàn tirẹ̀ sì ni. Ó fi ara rẹ̀ àti ìran rẹ̀ sọ̀rọ̀. Aṣọ lè bí ènìyàn nínú kí ó sì jàre, bí ó bá jẹ́ pé òtítọ́ ni ó ń sọ, tí ó sì jẹ́ pé nínú àpótí ẹni tí ó rán an ni ó ti mú un jáde. Obìnrin kan náà ni ó rán aṣọ méjèèjì. Ọ̀kan ń sọ ohun tí ó mọ̀, èkejì ń fi ohun tí àwọn ẹlòmíràn kà sí mímọ́ ṣe ọ̀ṣọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan télọ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìyí. Ilé-iṣẹ́ ńlá ní Paris lè ba ẹ̀wù mẹ́ta jẹ́ kí owó rẹ̀ má mì. Gbajúmọ̀ ní London lè yọ síkẹ́ẹ̀tì kan kúrò nínú ọjà kí ó ta báàgì dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n télọ̀ tí ó yá owó ra aṣọ inú, tí ó ra epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí iná tí kò sí, bí ìdílé oníbàárà rẹ̀ bá kọ aṣọ sí i lọ́rùn ní àárọ̀ ìgbéyàwó pé ó ti tàbùkù ẹ̀sìn àwọn, gbèsè ni. Ní Ìgándò àti Ìkòtún tí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ti ń wo ara wọn lójú, tí Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ jọ ń gbé inú ilé kan náà, tí wọ́n jọ ń ra aṣọ ẹbí, àìmọ̀ kékeré lè da àárín àwọn ará ilé kan rú.

Ìbéèrè méjì péré ni ó tó kí àlùmọ́gàjí tó kan aṣọ. Àkọ́kọ́: ta ni ó ni ohun tí ó wà lára aṣọ yìí? Bí ó bá jẹ́ òdòdó, ẹyẹ tàbí ilà tí télọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà, kò sí ìjà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè tí télọ̀ kò gbọ́, kí ó wá ẹni tí ó gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ áàfáà ni ó wà ní Alímọ̀ṣọ́ tí yóò ka ọ̀rọ̀ Lárúbáwá fún télọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ohun tí Lagerfeld kò bèèrè ní Paris, ìṣẹ́jú kan ni yóò gbà ní Ìkòtún. Èkejì: ibo ni ara ni yóò wà? Ohun kan náà tí ó jẹ́ ọ̀wọ̀ ní orí lè jẹ́ àbùkù ní ìdí. Bí ìdáhùn méjèèjì bá mọ́, kí télọ̀ rán aṣọ náà bí ó ti kúrú tó tàbí bí ó ti gùn tó. Ọ̀rọ̀ ìyẹn kù sí àárín oníbàárà àti àwọn òbí rẹ̀.

Àwọn ọ̀gá tí wọ́n ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ máa ń kọ́ wọn ní bí a ṣe ń wọn èjìká, bí a ṣe ń gé ọrùn, àti bí a ṣe ń fi ọwọ́ rán ìṣẹ́tí kí ó má hàn. Ọjọ́ tí ọmọ bá gba fírídọ̀mù, wọn yóò gbàdúrà fún un, wọn yóò gbé àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́, àwọn òbí yóò jó. Ó yẹ kí wọ́n fi ẹ̀kọ́ kan kún un kí ọjọ́ náà tó dé: kí ọmọ mọ aṣọ tí ó jẹ́ aṣọ, kí ó sì mọ aṣọ tí ó jẹ́ ọ̀wọ̀ ẹlòmíràn. Ṣadé Thomas-Fahm gé ìró, ó fi sípù sí i, àwọn obìnrin Nàìjíríà sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní, nítorí pé aṣọ àwọn ìyá rẹ̀ ni ó gé. Gbogbo aṣọ kọ́ ni à ń sá lóòrùn. Èyí tí ó bá sì jẹ́ ti aládùúgbò, a máa ń tọrọ ààyè kí a tó fọwọ́ kàn án lórí okùn.